Gbogbo Ìlà Já sí Ìdí Ẹ̀rọ Ata

Ní gbogbo àdúgbò Kudenda, kò sí ẹni tó mọ ìbéèrè í bi tó Rashidat. Bó bá bi ewúrẹ́ léèrè ibi tó ti ń bọ̀, ewúrẹ́ á dúró ṣàlàyé. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi pè é nígbà tí èéyi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọdé dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ládùúgbò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ kejì, kúlà tí wọ́n kó abẹ́rẹ́ sí ń lọ sí àdúgbò Gonin Gora nìyẹn, ọmọ wá o, ọmọ ò wá o.

Alhaji Gbádégẹṣin, alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ní kí wọ́n fi ìkéde ẹ̀ sílẹ̀ fóun. Nọ́ńbà inú fóònù ẹ̀ pọ̀ ju iyanrìn odò lọ. Ó kọ ọ́ sórí Wásáàpù, ó fi fọ́tò ara ẹ̀ nínú agbádá sí i. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn dáhùn "Àmín." Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ méje ló wá, méjì nínú wọn, ọmọ nọ́ọ̀sì ni.

Rashidat jókòó ti ìyá àwọn márùn-ún tó kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín?"

"Màmá Faridah."

"Ta ló sọ fún Màmá Faridah?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Wásáàpù. Ó ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn láti ilé dé ilé, ó ń fa ìlà láti orúkọ dé orúkọ, títí ìwé ẹ̀ fi dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn. Gbogbo ìlà já sí ìdí ẹ̀rọ ata Dinah, alọta àdúgbò, níbi tí obìnrin kan ti ṣèèṣì mẹ́nu ba abẹ́rẹ́ náà.

Dinah kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Kìrìsìtẹ́nì tó fẹ́ Mùsùlùmí ni, ìhà méjèèjì ló ń gbé ata wá bá a. Ẹ̀rọ náà sì ń pariwo débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ àṣírí níbẹ̀, àfi kó ké e.

Nígbà tí Rashidat ní Dinah lòun máa rán níṣẹ́, Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. "Haba, Rashidat! Alọta lo fẹ́ fi rọ́pò alága?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lalága. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá lèmi ń wá."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Rashidat ti dé ọ̀dọ̀ Dinah, ìyá Bilal, nídìí ẹ̀rọ. "Màmá Bilal, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ata wá, ẹ sọ fún un pé òní ni abẹ́rẹ́ ọmọdé parí."

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ó ti tó."

Dinah sọ ọ́. Oníbàárà ò gbọ́. "Kí lẹ wí?" Dinah ké e. Èèyàn mẹ́rìnlá tó tò sẹ́yìn gbọ́ ọ kedere.

Kó tó di aago mẹ́wàá, ilẹ̀ Kudenda ń mì. Àwọn ìyá pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n ru ata lórí, wọ́n ń rọ́ wá sílé ìwòsàn. Alhaji fúnra ẹ̀ gbé Iman ọmọ-ọmọ ẹ̀ dé, ó fẹ́ yọ́ bọ́ síwájú, àwọn ìyá fọwọ́ júwe ẹ̀yìn fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ wá abẹ́rẹ́ kún un.

Kí oòrùn tó wọ̀, irínwó ọmọ ó lé mọ́kànlá ti gbabẹ́rẹ́. Rashidat gbé kúlà òfìfo lé orí, ó gba àárín títì kọjá bí ẹni tó gbé ife ẹ̀yẹ wálé.