Léèsì Akíndé Di Ìgbì Òkun Lára Ògiri

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ka àwọn obìnrin tó láyà ní Badagry, láti etí ọ̀sà títí dé Imeke, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé Safiyat ìyàwó Akíndé síwájú ná, kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Kúkurú ni, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màlúù á wá ibòmíràn gbà. Ègùn ni ìyá tó bí i, Àwórì ni bàbá rẹ̀, èdè méjèèjì ló sì fi ń dá ènìyàn lóhùn láìkọsẹ̀. Owó epo wọlé sí Badagry, owó epo tún jáde, Safiyat kò yí padà.

Nígbà tí owó náà gba ìgboro, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra aṣọ bí ẹni ń ra ẹ̀pà, léèsì ni Akíndé ọkọ rẹ̀ ń tà ní ọjà Agbalata. Ẹni tó ń ta aṣọ kò lè wọ àkísà. Akíndé ní agbádá léèsì funfun kan tó jẹ́ pé bó bá ti gbé e wọ̀, oòrùn fúnra rẹ̀ á máa wo ara rẹ̀ wò. Ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Kí àwọn ará ọjà tó gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n ti sin ín.

Alàájì Sirajudeen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló gba àkóso ilé. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó là á mọ́lẹ̀ pé opó tó lójú ni Safiyat máa ṣe: kò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ kun àtíkè, ọkùnrin kankan tó lè fẹ́ ẹ kò sì gbọdọ̀ tẹ yàrá rẹ̀ títí opó á fi pé.

"Ìbáà ṣe èmi alára!" Sirajudeen gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Safiyat gbà. Ìyẹn kò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni ohun tó gba ojú fèrèsé wọlé ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà: Sirajudeen ń bá télọ̀ sọ̀rọ̀ pé léèsì kan ń bọ̀ o, kó wá fẹ ejìká rẹ̀ fún òun. Nínú ìdílé wọn, bí ọkùnrin bá kú, àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ló ń pín aṣọ rẹ̀ wọ̀.

Safiyat wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Dúródọlá àti Shamsudeen. Ó rí i kedere: wọ́n ń rìn lọ ní Agbalata, wọ́n rí aṣọ bàbá wọn lókèèrè, wọ́n sáré lọ dì mọ́ ọn, ojú ẹlòmíràn ló yọ lọ́rùn aṣọ.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ilé ìwé sì ti gba ìsinmi.

"Dúró, gbé àpótí bàbá yín wá. Shamsu, wá àlùmọ́gàjí."

"Màámi, kí la fẹ́ rán?"

"Ta ló ń ránṣọ? Gígé la fẹ́ gé e."

Dúródọlá ká ọwọ́ lérí. "Léèsì Bàbá? Alàájì á pa wá!"

"Kó wọlé wá pa wá. Àbí kò rántí òfin ara rẹ̀ ni?"

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Safiyat ro sítáàṣì lórí sítóòfù, wọ́n tú bébà àpò sìmẹ́ńtì tí àwọn bíríkìlà dà nù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí aṣọ lè rí ibi dì mú. Dúródọlá ń gé, Shamsu ń fi sítáàṣì ra aṣọ, ó ń ra ojú ara rẹ̀ mọ́ ọn. Sòkòtò kàkí di iyanrìn etíkun. Bùbá aláwọ̀ aró di omi. Fìlà àrán di ọkọ̀ ojú omi. Léèsì wá di ìgbì, ó funfun, ó ń hó, ọ̀pọ̀ ẹni tó wo ògiri náà ló búra pé òun gbóòórùn iyọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù nínú léèsì ni wọ́n fi dá agbádá kékeré fún àwòrán bàbá wọn, wọ́n gbé e dúró sínú ọkọ̀.

Ojú bàbá ló dá ìjà sílẹ̀. Shamsu ní imú rẹ̀ gùn, Dúródọlá ní irọ́ ni.

"Ẹ jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí wa," ni Safiyat wí. "Kọ̀tọ̀nù ló ń lọ, ó ń sáré ọjà. Ṣé ó ráyè wẹ̀yìn ni?"

Ẹ̀rín bú jáde. Sirajudeen gbọ́ ọ, ó dé ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Ìyàwó! Ẹ̀rín kí ni mò ń gbọ́ nílé opó?"

"Ẹ̀rín ọmọ aláìní baba ni, Alàájì. Ṣé òfin wà fún ìyẹn náà?"

"Gbé àpótí aṣọ Akíndé jáde fún mi."

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ jáde."

"Ó dáa, mo ń wọlé bọ̀."

"Ẹ máa bọ̀, sà. Kí n kàn figbe ta pé ọkùnrin wọlé tọ opó."

Ẹsẹ̀ tó ti gbé sókè, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rán Nurat ìyàwó rẹ̀ wọlé. Nurat pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àpótí òfìfo ló gbé dání.

"Léèsì ńkọ́?"

"Ó wà lára ògiri, Alàájì."

"Kí ló dé tí o ò mú un kúrò lórí ìṣó?"

"Kò sí lórí ìṣó."

"Orí kí ló wá wà?"

"Orí òkun. Àní, òun gan-an ni òkun."

Sirajudeen kò lè ṣe nǹkan kan àfi kó dúró. Lọ́jọ́ tí opó pé, kí Safiyat tó wẹ̀ tán, ọkùnrin náà ti wà nínú yàrá, ó ń fi èékánná họ ògiri. Sítáàṣì ti gan. Òwú ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́.

"O ba aṣọ ìdílé jẹ́!"

"Aṣọ bàbá àwọn ọmọ ni," Safiyat dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. "Àwọn ọmọ ti pín in. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ gbé ògiri kọ́rùn."

"Màá fi ẹfun kùn ún!"

Safiyat lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ kó ẹfun wá. Ara mi ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀."

Sirajudeen tún na ọwọ́ kọjá ejìká rẹ̀, ó họ léèsì tó wà nínú ọkọ̀. Dúródọlá sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́:

"Alàájì, ẹ̀yìn Bàbá mi lẹ̀ ń họ yẹn."

Ọkùnrin náà yọ ọwọ́ bí ẹni fọwọ́ kan iná. Ó jáde.

Nígbà tí Iléyá dé, aṣọ èṣí ni Sirajudeen wọ̀ lọ sí yídì. Safiyat mú àwọn ọmọ rẹ̀ la àárín èrò kọjá, ó gbé orí sókè. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó wọ bàbá wọn.