Ìdí Tí Ọkọ̀ Wa Fi Dọ́gba

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọmọ baba mi fi ṣáájú mi dé ayé. Ìyá rẹ̀ ni ìyálé, ìyá tèmi ni ìyàwó. Wọ́n bí i lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bí mi lọ́jọ́ Ẹtì, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà, nínú ilé kan náà, ní Ọ̀mù-Àrán. Àwọn tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibẹ̀ yẹn. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹlòmíràn nínú ilé olórogún, ìyá rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbàgbé.

Àgbẹ̀ oníṣu ni baba wa. Oko rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ṣùgbọ́n nítorí pé ìyàwó méjì ló ní, wọn kò fi í joyè kankan níbẹ̀. Bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Ní ilé, kò sí ohun tó bà á lẹ́rù tó kí a sọ pé ó fi ìdí kan ṣe ju ìdí kejì lọ. Bó bá ra sálúbàtà fún mi, ó ti ra ti ọmọ baba mi. Bí a bá dé oko, á ka ogún ebè fún un, á ka ogún fún mi. Èmi ni mo máa ń yára kọ tèmi tán. Ẹ rò pé á ní mo ṣe dáadáa? Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Lọ bá ọmọ baba rẹ parí tiẹ̀.”

Ó dùn mí. Ó ń dùn mí títí mo fi di baba ọlọ́mọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn kó tó kú: pé mo ti kọjá ọmọ baba mi. Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tán.

Ọjọ́ kan náà ni a wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọdún kan náà ni a jáde. Àwa méjèèjì forí lé Èkó. Òun di ẹnjiníà, ó ń bá ìjọba ṣe afárá. Èmi bọ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ẹ̀ka ti ọkọ̀ ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí epo rọ̀bì wá sọ owó di omi, mo ra ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, ti àwọn ará Jámánì, pupa fòò, irú èyí tó jẹ́ pé ìyàwó àti ọmọ á rí ibi jókòó sí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ̀ pé wọn kò ṣe é nítorí ìyàwó àti ọmọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ baba mi ra tiẹ̀. Ará Jámánì náà ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin náà ni, aláwọ̀ ewé, ó kàn jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá èyí tó ṣe tèmi díje ni ó ti rà á.

Ọ̀rọ̀ dé. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni a fi ń jiyàn. Ní ọjọ́ kan a gbé ìwé tó bá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wá kalẹ̀ lórí tábìlì mi, a ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ agbára ẹ́ńjìnì sí. Iye ẹṣin ni wọ́n fi ń ka agbára yẹn. Ẹṣin méjì péré ló wà láàárín tèmi àti tirẹ̀.

Ọmọ baba mi ní, “Tèmi fi ẹṣin méjì jù ọ́.”

Mo ní, “Ẹṣin méjì wo? Nínú ọgọ́rùn-ún ẹṣin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ? Bí ìwọ nìkan bá jẹ iyán kí o tó wọkọ̀, ẹṣin méjì yẹn ti lọ.”

Àwọn ìyàwó wa ń rẹ́rìn-ín wa ní kíṣìnnì. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Báwo ni ilé-iṣẹ́ méjì tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú ṣe máa ṣe ẹ́ńjìnì méjì tí agbára wọn dọ́gba báyìí? Àbí wọ́n ń pàdé ní kọ̀rọ̀ ni?

Iṣẹ́ mi ló là mí lójú. Ní ibi iṣẹ́ wa, ìsọ̀rí-ìsọ̀rí la pín ọkọ̀ sí. Bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó ni owó tí olówó rẹ̀ á san ṣe ń gòkè. Bákan náà ló rí lọ́hùn-ún ní Jámánì, wọ́n tún fi owó orí kún un. Ààlà wà níbi kan, ẹ́ńjìnì tó bá ré e kọjá, ẹni tó ni í á sanwó títí. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ á rìn títí á fi dé etí ààlà, á sì dúró síbẹ̀. Oníṣòwò kejì náà á rìn dé ibẹ̀, á dúró. Ẹni kan náà ni wọ́n sì ń tà á fún: ọkùnrin tó fẹ́ sáré, tó ti bímọ, tí owó rẹ̀ kò ká ọkọ̀ ńlá. Epo kan náà ni wọ́n ń rà, òfin ọ̀nà kan náà ló mú wọn. Bí ọ̀kan bá gbé ọkọ̀ tuntun jáde, èkejì á rà á, á tú u palẹ̀ bótì-bótì, á wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fi ẹṣin márùn-ún kún tirẹ̀ lọ́dún yìí, èkejì á fi márùn-ún kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ọmọ baba mi fúnra rẹ̀ fi hàn mí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lára páǹpù tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnì tèmi àti tirẹ̀. Ẹnì kan ló ń fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ.

Nígbà tí a lọ ṣe Kérésì nílé, mo lọ bá baba wa níbi tó ti ń so iṣu mọ́ àká, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi okùn sílẹ̀.

Ó ní, “Ṣé o ní láti kàwé kí o tó mọ ìyẹn ni? Orogún ni wọ́n. Bí ìyá rẹ bá fi ẹja méjì sọ́bẹ̀ lónìí, kí n tó fi omi wẹ ọwọ́, ìyálé rẹ̀ ti mọ̀. Lọ́la, ẹja méjì ni màá bá nínú tirẹ̀. Kò ní jẹ́ ọ̀kan, kò sì ní di mẹ́ta, nítorí owó ọbẹ̀ kan náà ni mo ń fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin lọkọ.”

Mo ní, “Baba, nínú ọbẹ̀ méjèèjì, èwo ló wá dùn jù?”

Ó wò mí, ó mú okùn rẹ̀. Ó ní, “Mo yó.”

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ èsì. Mo pinnu pé màá fi ọkọ̀ mi bá a sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì kan wà ní Òrò tí gbogbo agbègbè mọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo gbé ọkọ̀ fún un kí Kérésì tó dé, mo ní kó tú orí ẹ́ńjìnì, kó fá a wọnú, kí àyè inú rẹ̀ lè fún, kí iná inú rẹ̀ lè le sí i. Ọkùnrin yẹn kìlọ̀ fún mi. Ó ní epo tí wọ́n ń tà fún wa níhìn-ín kò dára tó bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó ṣe é mọ ìdí tí wọ́n fi fi í mọ síbẹ̀. Mo ní ta ló ni ọkọ̀? Ó fá a.

Àṣà àwa ọmọ ilé tó ń ti Èkó bọ̀ ni pé a máa ń dúró de ara wa ní Àjàṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọ̀lú. A ó mu omi, a ó nu ekuru ara ọkọ̀, a ó wá tò tẹ̀lé ara wa wọlé. Lọ́dún yẹn, mo dúró dè é ní Àjàṣẹ́ bí àṣà. A jọ gbéra, a jọ kọjá Òrò. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, mo tẹ̀ ẹ́. Háà! Ọkọ̀ náà fò. Àwọn ọmọ mi ń pariwo lẹ́yìn, ìyàwó mi ń pe Jésù. Nígbà tí mo wo dígí, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn ti kéré.

Baba wa wà níwájú ilé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, “Baba, mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn o!”

Ó ní, “Kò sí nǹkan tó ṣe é lọ́nà?”

Mo ní kò sí. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde sójú títì, ó dúró síbẹ̀ títí ọmọ baba mi fi dé. N kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ́ńjìnì náà kò rí òjò ọdún kejì. Ó kọ́kọ́ ń kan kókókó, ó wá ń gbóná, nígbà tó yá ó jó. Nígbà yẹn, náírà ti ṣubú, owó tí mo fi ra ọkọ̀ náà lódindi kò lè ra orí ẹ́ńjìnì mọ́. Mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin sẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé sí i nínú. Ti ọmọ baba mi ń rìn lọ ní tiẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé baba wa kò jẹun mọ́. Ọmọ baba mi wá gbé mi. A tò sórí ìlà epo ní Ìlọrin láti àárọ̀ di ọ̀sán kí a tó rí rà. A bá baba wa lórí àga gbọọrọ, ó ti gbẹ. Ìyálé ti kú, ìyá mi náà ti kú, ilé náà dákẹ́. Ọmọ baba mi jáde lọ wá ògì tí yóò lè gbé mì. Mo fà mọ́ àga náà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì mọ̀ pé ohun ìtìjú ni mo fẹ́ bèèrè.

“Baba, nínú àwa méjèèjì, ta ló kọjá ẹnì kejì rẹ̀?”

Ó ní, “O ṣì ń bèèrè? Ọdún tí ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdírì, mo sọ fún yín pé ẹ̀yin méjèèjì kò yege. Irọ́ ni mo pa. Òun yege. Ìwọ ni o kò yege. Lẹ́tà dé, mo fi pamọ́. Mo ní kí ẹ̀yin méjèèjì tún kíláàsì náà kà. Bí mo bá jẹ́ kó lọ, ìyá rẹ ì bá kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé yìí. Mo dá a dúró dè ọ́.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?”

Ó ní, “Ẹni tó kọjá lo máa ń bi mí. O kò bi mí léèrè ẹni tó dúró rí.”

Ọmọ baba mi gbé ògì dé. Ó bu ú sí i lẹ́nu, baba wa gbé e mì. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lọ́jọ́ kẹta a gbéra padà. Títí a fi kọjá Òrò, ọdún tí a tún kíláàsì kà yẹn ni mò ń rò. Ọ̀sán-ọ̀sán lòun àti èmi fi ń jókòó sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ilé, òun pẹ̀lú sílétì, tí ó ń la ìṣirò yé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé a jọ ń kọ́ ọ ni.

Mo ní, “Baba sọ fún mi pé o yege lọ́dún àkọ́kọ́.”

Ó pààrọ̀ jíà. Ó ní, “Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ fún mi kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ Baba.”

“O mọ̀? Láti ìgbà yẹn? O kò sì sọ fún ìyá rẹ?”

“N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

“Kí ló dé?”

Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo bèèrè. Ó ní, “Ta ni ǹ bá bá lọ?”

Mo kọjú sí fèrèsé, mo sunkún dé Àjàṣẹ́.