Àtẹ Kọfí Àbúrò Ọkọ Mi

Owú tí mo jẹ nítorí kọfí, n kò jẹ irú rẹ̀ nítorí obìnrin ìta rí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni mò ń bá jowú. Mo mọ̀ pé ìtìjú ni, síbẹ̀ mo jẹ ẹ́.

Yàrá méjì là ń gbé ní Agbówó. Ọkọ mi ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí ará Íńdíà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ó fún ọkọ mi ní asẹ́ kọfí rẹ̀. Ife irin méjì ni, ọ̀kan jókòó lórí èkejì, ìdí ti òkè sì ní ihò wẹ́wẹ́. Bí a bá da omi gbígbóná lé kọfí lílọ̀ nínú rẹ̀, á máa kán tó, tó, tó sí ìsàlẹ̀. Èèyàn á wẹ̀ tán kó tó kún. Lójú tèmi, ìyàwó ló yẹ kó máa ṣètò ohun tí ọkọ rẹ̀ ń mu láàárọ̀.

Àfi bí àbúrò rẹ̀ ṣe dé, tó ríṣẹ́ taípíìsì sí Dùgbẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ẹbí kí n tó dé, nítorí náà èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i. N kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, kí n tó mọ̀ pé èmi ni yóò máa fi eyín náà rín.

Bàbá wọn gbin kọfí díẹ̀ sáàárín kòkó, ọwọ́ Eyínfúnjowó sì ti mọ kóró rẹ̀ láti kékeré. Ní ọjọ́ Jímọ̀, á ra èyí tí wọn kò tíì yan bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Kó tó rà á, á fi eyín gé ọ̀kan. Bó bá rọ̀, kò tíì gbẹ nìyẹn. Á gbóòórùn rẹ̀ bóyá wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ. Láàárọ̀ Sátidé, á dà á sórí àtẹ ní fàráńdà, á máa ṣà á. Èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti lu, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sínú agolo kan fún ààtàn. Ọkọ mi á gbé àga tì í. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ oko bàbá wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á sì máa fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ọkọ mi kò gbé àga tì mí rí nígbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà.

Ní Sátidé kan tí Eyínfúnjowó lọ sí Mọ́níyà, mo ní ọjọ́ mi dé. Mo ṣa kọfí, mo yan án. Ẹ̀pà yíyan ni ìyá mi ń tà ní Mọ́kọ́lá. Inú iyanrìn gbígbóná nìkan ni mo mọ̀ pé wọ́n ń yan nǹkan. N kò mọ̀ pé kóró kọfí là níkùn, àti pé iyanrìn tó bá wọ ibẹ̀ kò ní jáde. Ọkọ mi mu ẹnu kan, ó tu ú sí gọ́tà, ó da ìyókù tẹ̀lé e.

“Kọfí ni o, kì í ṣe ẹ̀pà.”

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyàwó wa, o fẹ́ fi iyẹ̀pẹ̀ bọ́ ẹ̀gbọ́n mi.” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ṣà á tán, ó dà á sínú ìkòkò lórí iná fún mi. “Máa rò ó. Má fi iyanrìn sí i o.” Ó lọ wẹ̀. Mo gbé agolo ààtàn, mo dà á mọ́ èyí tó dára, mo rò ó pọ̀. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi ti ku egungun lọ́jọ́ yẹn.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọkọ mi bó ṣe gbé ife sẹ́nu. Iwájú orí rẹ̀ sún kì. Ó wo ife, ó wo àbúrò rẹ̀ tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ó mu ún tán.

“Ó dáa. Ọwọ́ ẹ ò yí padà.”

Tèmi, gọ́tà ló lọ. Tirẹ̀, ó gbé e mì. Mo rò pé ẹ̀tẹ́ ló máa bá a, kò sẹ́ni tí ẹ̀tẹ́ bá bí kò ṣe èmi.

Àbúrò rẹ̀ náà tọ́ ọ wò. Ó wo agolo tó ti ṣófo lẹ́bàá iná, ó wò mí. Kò fi mí sùn.

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, ó gbé àtẹ síwájú mi. “Ìyàwó wa, ìwọ lo máa ṣà á.” Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Eyínfúnjowó. Ó gba ọpọ́n aṣọ lọ́wọ́ mi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mò ń ṣà á jẹ́jẹ́, mò ń fetí sílẹ̀. Ọkọ mi gbé àga jáde. Ó rí i pé èmi nìkan ni mo wà nídìí àtẹ, ó sì gbé àga náà padà wọlé.