Ohun tí Levin Truitt Kọ sí Ẹ̀yìn Ìwé

Ọdún mọ́kànlélógún ni Levin Truitt fi ṣe akóda kóòtù ní ìlú Tuckerby, ní Maryland, kò sì sí ilé kan ní àgbègbè náà tí ajá ibẹ̀ kò mọ òórùn bàtà rẹ̀. Òun ni ó ń gbé ìwé adájọ́ lọ fún ẹni tí kóòtù bá ń bá wí. Ènìyàn gíga ni, èjìká rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í gba ọtí lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé ìwé fún. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò ṣí fìlà, yóò pe orúkọ ẹni náà lódindi, yóò sì fi ìwé lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹ̀dà ìwé náà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lé ara ògiri, yóò kọ ohun tí ó ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀: mo rí i, mo fún un, tàbí, mo wá a, n kò rí i.

Ẹ̀yìn ìwé yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Adájọ́ kì í kúrò lórí àga rẹ̀ lọ wo ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ohun tí akóda bá kọ ni yóò gbà gbọ́. Bí akóda bá purọ́, kóòtù fọ́jú nìyẹn. Levin kò tíì purọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rí. N kò sọ pé ènìyàn mímọ́ ni o. Alágídí ni, òótọ́ sì máa ń rọ alágídí lọ́rùn ju irọ́ lọ.

Ní ọdún 1861, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù, Maryland sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Noah, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Levin bí, wọ iṣẹ́ ológun fún Àríwá. Asbury Wingate, ẹni tí ó ni ilé ìlọkà tó wà létí odò, ń gbè sẹ́yìn Gúúsù, kò sì fi bò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, àwọn sójà lọ gbé Wingate lórí ibùsùn. Wọ́n ní òun ni ó ṣáájú àwọn tó jó afárá ọkọ̀ ojú irin kí àwọn ọmọ ogun Àríwá má bàa rí ọ̀nà kọjá. Wọn kò mú un lọ sí kóòtù kankan. Odi ológun tó wà ní òdìkejì omi ni wọ́n tì í mọ́.

Àbúrò rẹ̀ sáré lọ bá Adájọ́ Josiah Crewe, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Adájọ́ kọ ìwé kan tí àwọn amòfin ní orúkọ Látìn fún, ṣùgbọ́n tí àwọn ará Tuckerby ń pè ní ìwé Mú-un-wá. Ohun tí ó wí kò gùn: ìwọ tí o de ọkùnrin yìí mọ́lẹ̀, mú un wá síwájú mi, kí o sọ ìdí tí o fi dè é. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn, kò sí ọba tàbí ọ̀gágun tó lè kọ̀ láti dá ìwé náà lóhùn. Àmọ́ Ààrẹ ti fún àwọn ọ̀gágun láṣẹ pé nítorí ogun, kí wọ́n má kà á sí.

Levin bi adájọ́ bóyá Ààrẹ lágbára bẹ́ẹ̀. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ìwé òfin wa sọ pé wọ́n lè dá irú ìwé yìí dúró bí ọ̀tẹ̀ bá ṣẹlẹ̀,” ni ó wí. “N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ka iṣẹ́ Ààrẹ. Àwọn aṣòfin ò sì tíì jókòó. Tí ọwọ́ tó mú idà bá tún gba ìwé òfin mọ́ ọn, Levin, kí ló kù fún èmi àtìwọ?”

“Tí wọn ò bá jẹ́ kí n wọlé ńkọ́, Ọlọ́lá?”

“Kọ ohun tójú ẹ rí.”

Nílé, Tabitha ìyàwó rẹ̀ gbé búrẹ́dì àgbàdo àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ síwájú rẹ̀, ó wá dúró tì í láìjókòó. Ó ti gbọ́. Ó rán an létí pé Wingate yìí kan náà ló dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn tó pè é ní ajá kóòtù, tí orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ó tún ní àwọn sójà ti mú lọ́yà kan ní ìlú kejì nítorí pé ó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ bá wọn.

“Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n,” ni Tabitha wí. “Ọmọ wa wà lójú ogun, Bàbá Noah. Ẹni tó jó afárá tí àwọn ọmọ ogun wọn ì bá gbà lẹ fẹ́ lọ tú sílẹ̀?”

“Bóyá ló jó o, bóyá kọ́ ló jó o. Èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń mú èèyàn wá sí kóòtù.”

Kò lè jẹ oúnjẹ náà. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì mọ̀ pé obìnrin náà rí i.

Perry Cornish ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Levin sọdá omi lọ sí odi náà. Perry jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, iṣẹ́ kíkó ìṣáwùrú ló ń ṣe lórí omi náà. Ó fi ọdún mẹ́ta ju Levin lọ, síbẹ̀ òun ló ń sọ “ẹ̀yin” fún Levin, tí Levin sì ń sọ “ìwọ” fún un. Bí ayé ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá wù kó bínú. Agolo pẹlẹbẹ kan máa ń wà lọ́rùn Perry nígbà gbogbo, ìwé tó fi hàn pé kì í ṣe ẹrú ló wà nínú rẹ̀.

“Ìwé lẹ fẹ́ lọ fi han sójà,” ni Perry wí bí ó ṣe ń wa àjẹ̀. “Ọ̀gá Levin, mo mọ ìwé. Tí ẹni tó dá mi dúró bá fẹ́ kà á, ọmọ èèyàn ni mí. Tí ò bá fẹ́ kà á, kó tó dalẹ́ mo ti di ẹrù ẹnì kan.”

Levin ní òótọ́ ni.

“Ẹbí mi mẹ́ta ni Ọ̀gá Wingate fi ṣe ẹrú nílé ìlọkà yẹn. Ìwé wo ló ń mú tiwọn wá síwájú adájọ́?”

Levin wo omi. Ó ti gbé ìwé tí wọ́n fi gba ẹrú tó sá padà rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó sì kọ òótọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: mo rí i, mo mú un. Ó mọ̀ pé Perry mọ̀. Ojú tì í. Nígbà tó yá, ọkọ̀ gúnlẹ̀.

“Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o,” ni Perry wí fún un bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. “Mi ò ní lọ.”

Wákàtí méjì ni wọ́n fi dá a dúró sínú oòrùn níwájú ẹnubodè odi náà. Nígbà tó yá, ọ̀gá sójà kan jáde wá, Kápútẹ̀nì Bostwick, ọkùnrin bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé. Ó kí Levin dáadáa. Ó ka ojú ìwé náà láti ibi tó dúró sí, kò fọwọ́ kàn án, ó sì ní Ààrẹ ti dáhùn fún gbogbo wọn.

Levin kò jiyàn. Ó ṣí fìlà bó ti máa ń ṣe, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè: “Asbury Hollis Wingate!”

Ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún, ó ní, “Mo wà níbí! Ta ló ń pè mí? Ṣé ajá kóòtù nìyẹn?”

Àwọn sójà méjì tó wà lẹ́nubodè rẹ́rìn-ín. Kápútẹ̀nì kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Levin, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ kọ ọ́ pé ẹ wá a, ẹ ò rí i. Irọ́ kọ́. Ojú yín ò kúkú rí i. Adájọ́ á ju ìwé náà sí àpótí, kálukú á sùn nílé ẹ̀. Mo gbọ́ pé ọmọ yín ń bá wa jagun. Kò ní dáa kọ́gàá ẹ̀ gbọ́ pé bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọlọ̀tẹ̀.”

“Tí mo bá kọ nǹkan mìíràn ńkọ́?”

“Yàrá ṣì pọ̀ nínú ibẹ̀.”

Levin gbé ìwé náà lé ara ògiri odi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. “N kò rí i,” ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè bú u títí ayé nítorí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rí Wingate lóòótọ́. Ó ronú kan Noah, ó ronú kan Tabitha, ó ronú kan ìtìjú inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dúró débi pé sójà kan bi í bóyá kò mọ̀wé kọ ni.

Ó kọ ọ́ báyìí: Mo dé ẹnubodè. Wọn kò gba ìwé lọ́wọ́ mi, wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn. Ó wà níbẹ̀. Ó wá fọwọ́ sí i.

Kápútẹ̀nì kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ máa lọ,” ló wí. “Mo mọ ilé yín.”

Ní ọjọ́ kejì, kóòtù kún débi pé àwọn ènìyàn dúró sójú fèrèsé. Adájọ́ Crewe ka ẹ̀yìn ìwé náà sókè. Ó ní òfin fún òun láyè láti ní kí akóda kó gbogbo ọkùnrin tó lágbára ní àgbègbè náà jọ, kí wọ́n lọ já ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ ló wà nílé wọn, àgbá ló wà lórí odi. Òun kò ní rán ọmọ ẹnikẹ́ni lọ kú. Ohun tó kù lọ́wọ́ òun ni pé kí òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n rú òfin, kí òun fi ránṣẹ́ sí Ààrẹ, kí ó wà níwájú ẹni tó búra pé òun yóò pa òfin mọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan, tí ọmọ wọn wà lójú ogun bíi ti Levin, tutọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn sójà dé ẹnu ọ̀nà Levin. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Tabitha di búrẹ́dì àgbàdo sínú ìnujú, ó tì í bọ àpò ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, kò sì sọ pé ṣebí mo wí. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Wọ́n ti Levin mọ́ yàrá kan náà pẹ̀lú Wingate. Wingate ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Ó wo Levin láti òkè délẹ̀.

“Kí lo kọ?”

Levin kà á fún un láìwo ìwé. Wingate họ irùngbọ̀n rẹ̀.

“Mo rò pé wàá kọ pé o ò rí mi ni.”

“Èmi náà rò ó.”

Wingate sún, ó fún un láyè lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n pín búrẹ́dì náà. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, Levin bi í pé àwọn mẹ́ta tó wà nílé ìlọkà rẹ̀, ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ tiwọn. Wingate ní ìyẹn yàtọ̀. Levin rántí agolo ọrùn Perry. Ó fẹ́ bi í pé báwo ló ṣe yàtọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti jẹ nínú iṣẹ́ yẹn fún ọdún mọ́kànlélógún.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé ó mọ̀ dájú pé Tabitha ti lọ bá adájọ́. Adájọ́ yóò ti kọ Mú-un-wá mìíràn, orúkọ Levin Truitt ni yóò sì wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò gbé e? Akóda kan ṣoṣo ni Tuckerby ní, òun ló jókòó síbí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Ó ń gun bẹ́ǹṣì lójoojúmọ́ láti wo omi gba inú fèrèsé onírin, omi náà sì wà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ó rí ọkọ̀ Perry. Ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó wọ aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ nínú ooru yẹn. Levin rò pé pásítọ̀ ni. Ìgbà tí Perry dì í lọ́wọ́ mú kó lè sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn ẹsẹ̀ tín-ín-rín náà ń wá ilẹ̀ tẹ̀ lórí òkúta, ló tó mọ̀ pé Adájọ́ Crewe ni.

Baba náà rìn dé ẹnubodè. Àwọn sójà fi ìbọn dá a dúró, Kápútẹ̀nì jáde, wọ́n sọ̀rọ̀, Kápútẹ̀nì mi orí. Adájọ́ ṣí fìlà.

“Levin Purnell Truitt!” Ohùn rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ó dé òkè.

Levin fẹnu sún mọ́ irin fèrèsé, ó kígbe dáhùn pé, “Mo wà níbí, Ọlọ́lá.”

Adájọ́ wo òkè, kò rí i, oòrùn wà lójú rẹ̀. Ó yí ìwé náà padà, ó gbé e lé ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Perry dúró nínú ọkọ̀, ó fọwọ́ di agolo ọrùn rẹ̀ mú, ó ń wo baba náà bó ṣe ń kọ ọ́.

Wingate fa ṣòkòtò Levin nísàlẹ̀. “Kí ló ń ṣe? Kí ló ń kọ?”

“Ohun tójú ẹ̀ rí,” ni Levin wí. “Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fojú ara ẹ̀ rí ẹnu ọ̀nà nìyẹn.”