Ọjọ́ Tí Ínjẹ́ṣọ̀n Mi Bá Kábúrétọ̀ Sáré

Ẹ wò ó, ọkọ̀ yẹn kì í sáré, ńṣe ló máa ń fò. Tòkunbọ̀ ni mo rà á nígbà tí mo ń gbé Agbowó, láàárín àwọn ọdún 1990. Ínjẹ́ṣọ̀n ló ń lò: fúnra rẹ̀ ló ń wọn epo tó ń tú sínú ẹ́ńjìnnì. Kò sí pé mò ń fa ṣóòkù láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó lè jí. Tí mo bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àyà mi á já, màá bú sẹ́rìn-ín.

Àmọ́ kò sí mẹkáníìkì tó rí i n'Ìbàdàn tí kò ní kí òun yọ ínjẹ́ṣọ̀n, kí òun fi kábúrétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n tún ṣe sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ọkọ̀ nìyẹn. Inú á bí mi, màá ní ṣé ọkàn ẹni tó wà láàyè ni wọ́n fẹ́ yọ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ló wá burú jù. Kábúrétọ̀ méjì ló so mọ́ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ariwo rẹ̀ ń jí àdúgbò. Ó ní ká sáré láti Challenge dé Ring Road láàárọ̀ Sọ́ńdè. Tí mo bá ṣáájú, òun ò ní sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi mọ́. Tóun bá ṣáájú, kí n gbé e lọ fún mẹkáníìkì òun, kó yọ ínjẹ́ṣọ̀n dànù. Mo ní kò burú.

Epo wọ́n nígbà náà. Ti inú kẹ́ẹ̀gì ni àwa méjèèjì rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Challenge. Mo tiẹ̀ fi síńgílẹ́ẹ̀tì sẹ́ tèmi. Bí a ṣe gbéra báyìí, háà! Mo fi í sílẹ̀ pátápátá. Mò ń pariwo nínú ọkọ̀, èmi àgbàlagbà, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá sítíárìn.

Ó kù díẹ̀ kí n dé ibi àdéhùn ni ọkọ̀ húkọ́, ó tún húkọ́, ó kú. Ọ̀rẹ́ mi tẹ họ́ọ̀nù sí mi, ó kọjá. Kò tíì jìnnà tí tirẹ̀ náà kú. Omi ni ọkùnrin yẹn lú mọ́ epo wa. Mo bú u títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó tú kábúrétọ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ó tutọ́ epo sílẹ̀, ọkọ̀ sì dáhùn. Ó ń húkọ́ lọ, àmọ́ ó dé. Èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń fẹnu fẹ́ ínjẹ́ṣọ̀n.

Ó padà wá fi okùn wọ́ mi.

“Èmi ni mo ṣáájú,” ó ní, “àmọ́ ìwọ lo sáré. Jẹ́ ká gbàgbé àdéhùn yẹn.”

Mo ní rárá, mi ò kì í yẹ àdéhùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mẹkáníìkì rẹ̀ yọ ínjẹ́ṣọ̀n, ó fi kábúrétọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, kò sí epo tí ọkọ̀ mi ò lè mu, kò sì já mi kulẹ̀ lọ́nà mọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó, àyà mi ò já mọ́.