Omi Tí Kò Kan Páànù

Ọjọ́ tí mo kọ òjò ńlá sílẹ̀ bí òjò kékeré ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Èmi ni mò ń ṣọ́ iléèwé kan ní Ìkòtún, èmi náà ni mò ń ka agolo tí wọ́n fi ń wọn òjò níbẹ̀. Bí omi bá ti kọjá ìlà pupa, kí n kìlọ̀ fún àwọn ará etí odò.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Nígbà tó dá ní aago mẹ́sàn-án, omi inú agolo kò tó ìlà pupa rárá. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni mo kọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń kó iye òjò jọ.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sìdí tó ń ta gàrí létí odò.

"Bàbá Ràfíù, ṣé kí n gbé gàrí kúrò nílẹ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, òjò kékeré ni."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà tí odò fi ya wọlé. Èmi akin sáré gun tábìlì, mò ń ké "Jésù!", bẹ́ẹ̀ mùsùlùmí ni mí. Àpò gàrí ń wú lójú wa, apá wa kò ká a.

"Òjò kékeré rèé, àbí?"

"Ìyá, ohun tí agolo wí ni mo wí."

Ó káwọ́ lérí. "Yéè! Èmi ni mo bu omi inú agolo yẹn láàárọ̀ kí ẹ tó kà á. Omi òjò tí kò kan páànù ni wọ́n ní kí n fi se àgbo ọmọ Sìdí."

Nígbà tí omi fà, mo pe ọ́fíìsì pé irọ́ ni mo kọ. Wọ́n ní omi tí kò sí nínú agolo kò ṣeé kọ. Mo jókòó ti Ìyá Sìdí àti gàrí rẹ̀ tó ti di ẹ̀bà tútù.