Obìnrin Tó Fi Iná Gé Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í tọrọ àforíjì bí kò bá ṣẹ̀. Bó bá tiẹ̀ ṣẹ̀ pàápàá, ẹ ó kọ́kọ́ bá a fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, àwa àbúrò rẹ̀ la sì ń jẹ ìyà rẹ̀ láti kékeré. Wẹ́dà ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń fi iná jó irin mọ́ irin: géètì, irin ojú fèrèsé, àtẹ̀gùn, ìdí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti jẹrà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún àpá kéékèèké, bíi ti ẹni tí epo gbígbóná ń ta sí lára lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ṣèèṣì sọ níwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe, ẹ ti fọwọ́ ara yín fa wàhálà.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, síbẹ̀ kò tíì di ọ̀gá. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Àwọn méjì tó kọ́ níṣẹ́ lábẹ́ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ti gba ìwé ọ̀gá ní tiwọn, ọ̀kan nínú wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jó páìpù yíká títí dòní. Ìwé yẹn ni ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà fi ń fún èèyàn láṣẹ láti kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá ní in, abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi ti béèrè fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kó lọ fara balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan tí mi ò rí nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Aránṣọ ni èmi, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ọ̀gá gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kó sọ bó ṣe dé ìdí iṣẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé náà, òun náà ni wọ́n á sì gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi hàn pé irọ́ ni, ó di ọdún márùn-ún kí ẹni náà tó tún lè béèrè. Wọ́n ní ẹni tó bá lè purọ́ nípa bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó lè fi ọ̀dà bo irin tí kò jó dénú. Mi ò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Gbogbo èèyàn ló sì mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ fún. Inú fíìmù ló ti rí i.

Nígbà tí a wà ní kékeré, awakọ̀ epo kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò ní gbogbo àdúgbò, ó sì máa ń ra kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ láti ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, ó sì ní kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin yẹn fẹ́ràn kápẹ́ẹ̀tì ju ọmọ èèyàn lọ. Ó ní ẹsẹ̀ wa ò gbọdọ̀ kàn án, kí a lọ fọ̀ ọ́ ná; nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, ó ní omi ẹsẹ̀ wa ò gbọdọ̀ kàn án. Ojú fèrèsé ló wá kù fún wa. Gíláàsì kan ṣoṣo ló ti yọ lára fèrèsé náà, ó sì ga. Àwa ọmọ ìyá kan náà márùn-ún la máa ń lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé. A ó da bọ́kẹ́ẹ̀tì dojú dé, ẹni tí ọrùn rẹ̀ gùn jù á gorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Á máa wò, á máa sọ ọ́ fún àwa tó wà nísàlẹ̀. Ìdí tí a fi ń pè é ní Ojú-Wa nìyẹn, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Èmi ò fojú ara mi rí fíìmù kankan títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ wọn tán. Mo mọ ẹni tó kú, mo mọ ẹni tó sá, mo mọ àwọ̀ ẹṣin. Lọ́jọ́ kan, ó sọ ti ọkọ̀ ojú omi. Ó ní ọkọ̀ ń rì, àwọn èèyàn há sí yàrá kan nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn irin sì ti tì pa mọ́ wọn. Ó ní obìnrin kan dé, ó mú iná, ó ń gé ilẹ̀kùn náà bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Iná ń ta sí i lójú, kò ṣẹ́jú. "Ó ń gé e o! Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já! Ó ti já!" Àwa mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ hó yèè, ìyàwó awakọ̀ jáde sí wa, a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó lọ bá ọ̀gá wẹ́dà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkóríta. Ìyẹn bi í pé ta ló sọ fún un pé obìnrin ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó ní òun ti rí ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá náà wò ó títí, ó sì nawọ́ ìbòjú iṣẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé. Abẹ́ páànù tó wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń ṣe é, láago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé gbọ́dọ̀ mú mọ̀lẹ́bí kan dání, èmi ló sì mú. Ọ̀gá rẹ̀ náà wà níbẹ̀ lórí àga ọ̀tọ̀, torí iná iṣẹ́ ti jẹ ojú rẹ̀, ó sì ti fẹ́ fẹ̀yìn tì. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gba ìwé, òun ni ṣọ́ọ̀bù ìkóríta kàn. Bí kò bá gbà á, ti wẹ́dà òdìkejì ni, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́-n-sọ, torí kò sí ìpàdé tí kì í ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó sọ tiẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rì, ilẹ̀kùn, obìnrin. Kò tíì jókòó tí ọwọ́ kan fi lọ sókè.

"Alága, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀," ni Jẹ́-n-sọ wí. "Mo ti wá fíìmù yẹn kàn. Ó wà lórí fóònù mi níbí. Kí gbogbo ilé wá wò ó."

Wọ́n rọ́ bò ó. Èmi náà rọ́ síbẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ ń rì, omi ń wọlé, ilẹ̀kùn irin ti tì. Obìnrin náà wà níbẹ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń sunkún. Ọkùnrin kan tí irunmú rẹ̀ nípọn ló di iná gáàsì mú, tó ń gé ilẹ̀kùn. Obìnrin yẹn ò fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀rín sọ lábẹ́ páànù. Ẹnì kan ní, "Ojú-Wa, ojú ta ni ẹ fi wò ó?" Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó wo ibẹ̀, ó sì tún un wò. Ó dùn mí wọnú eegun. Kì í ṣe torí ìwé nìkan. Fíìmù tèmi náà ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, fíìmù tí mo gbọ́ lórí ìdúró nínú yanrìn, tí mo sì ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá.

Ibi tí inú ti ń bí mi ni mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Obìnrin náà wà lápá òsì, ọkùnrin wà lápá ọ̀tún. Mo gba fóònù náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá ọ̀tún. Ó ku obìnrin nìkan, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, iná ń ta sí i lára. Ni mo bá pariwo, "Kọ́bọ́ọ̀dù ni! Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó awakọ̀ ni!" Mo ṣàlàyé fún wọn pé kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan bo ìdajì tẹlifíṣọ̀n mọ́ ẹni tó bá ń wò láti ojú fèrèsé lójú. Ìdajì fíìmù ni gbogbo fíìmù tí a mọ̀. Kò purọ́, ibi tí ojú rẹ̀ dé ló sọ. Alága ti ń mi orí, àwọn àgbà kan ti ń ní "ó bọ́gbọ́n mu." Mo rò pé mo ti gbà á là.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ jókòó. Mi ò bẹ kọ́bọ́ọ̀dù kó gbà mí sílẹ̀." Ó kọjú sí wọn. "Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní mo rí ọkùnrin onírunmú yẹn, mo máa yọ ọ́ kúrò ni. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún ọmọ mẹ́rin? Pé obìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún? Wọ́n ti rí ìyẹn nílé."

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ló ń sọ, ẹni tí bàbá wa máa ń tilẹ̀kùn mọ́ síta. Mo jókòó.

"Ẹ ti gbọ́!" ni Jẹ́-n-sọ wí. "Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

Alága kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Gbọ́ mi, jẹ́ ká kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Sọ pé ọ̀gá rẹ ló pè ọ́ wá síṣẹ́, kí gbogbo wa máa lọ sílé."

"Kí n wá purọ́ ní báyìí, kí ẹ lè fún mi ní ìwé tí ẹ ní òpùrọ́ ò gbọdọ̀ gbà?"

Ni ọ̀gá rẹ̀ bá fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wo fíìmù yẹn kí ọmọ yìí tó wá bá mi," ni bàbá náà wí. "Orí àga ni mo jókòó sí, mo rí gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin ló gé ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tó dé, tó ń sọ ọ́, mo ti la ẹnu láti sọ fún un. Mo wá rò ó pé bí mo bá tún un ṣe, ó máa padà sílé. Ẹni tó bá ń purọ́ fún èèyàn, ojú ẹni yẹn ló máa ń wò, kó lè mọ̀ bóyá ó gbà á gbọ́. Èyí ò wò mí rárá. Irin ilẹ̀ ló ń wò."

Ẹ̀gbọ́n mi gbaná jẹ. "Ọ̀gá! Ọdún mẹ́rìnlélógún! Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, ṣé wàá gbọ́?"

"Mi ò ní gbọ́!"

"Ṣé o rí i?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín, Jẹ́-n-sọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Alága bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì dá ẹjọ́. Ó ní obìnrin yìí kò purọ́, torí náà ẹ̀sùn ti dànù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ò lè tẹ èdìdì lé ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n fi ìlà yẹn sílẹ̀ lófìfo, kó gba ìwé rẹ̀, kó máa lọ. Mo mí kanlẹ̀. Mo ti ń na ọwọ́ láti gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ìwé náà padà. "Ìwé ta ni ẹ ti fi ìlà yìí sílẹ̀ lófìfo rí?"

Alága wo akọ̀wé. Akọ̀wé ní kò sí.

"A jẹ́ pé kò ní bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi."

Mo fà á láṣọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Ta ló máa ń ka ìlà yẹn?"

"Èmi," ló wí. "Èmi ni màá máa kà á láràárọ̀."

"Bí o bá kọ̀ ọ́, bí ẹni tó purọ́ la ó ṣe kà ọ́, ọdún márùn-ún ni o," ni alága wí.

"Ẹ kọ ọdún márùn-ún sílẹ̀. Bí mo bá padà wá, ohun tí màá sọ náà nìyí."

Inú bí mi sí i débi pé mo fẹ́ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìkóríta ń lọ, Jẹ́-n-sọ ti ń gbéra láti wá bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì dúró bí òpó. Alága nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Èmi ò ní kọ ọ́, akọ̀wé ò sì ní kọ ọ́. Bí o bá máa fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, ìwọ lo máa dáhùn fún un níwájú ẹni tó bá bi ọ́."

"Ẹ mú bírò wá."

Ó tẹ ìwé náà lé orí tábìlì irin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, bó ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára irin: Mo rí obìnrin kan tó fi iná gé ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí níbẹ̀ nígbà yẹn, ó ti wà báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà kún ìlà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba gbogbo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún alága láti fọwọ́ sí. Alága kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wá àyè títí, kò rí. Ó yí ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fọwọ́ sí i létí.